Àṣírí Ọmọ Ọlọ́mọ Nílé Onítáìpù

Ó rẹ̀ mí lọ́dún náà. Mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ ìyẹn, kì í ṣe pé mo fẹ́ fi ṣe àwáwí, nítorí ìgbà àwáwí ti kọjá, ṣùgbọ́n bí n kò bá sọ bó ṣe rẹ̀ mí tó, ohun tí mo ṣe kò ní yé ẹnikẹ́ni. Ọmọ méjìdínláàádọ́ta ni mo ń kọ́ ní kíláàsì kẹrin nílé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Igbein. Mo ní ọmọ kan lẹ́yìn, mo ní òmíràn nílẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ ṣíìfù ní Ewékorò, níbi tí wọ́n ti ń ṣe sìmẹ́ńtì. Bó bá dé, oorun ló ń bá wọlé, èmi ni n ó sì jókòó ti aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ tí sìmẹ́ńtì ti gbẹ mọ́, tí n ó máa bó o bí ẹni ń bó iṣu. Ìgbà náà kò sí ẹ̀rọ ìfọṣọ nílé wa. Omi gan-an, títò la ń tò fún un.

Bí ẹni pé ìyẹn kò tó, mo tún lọ forúkọ sílẹ̀ fún NCE tí àwa tísà máa ń ṣe nígbà họlidé. Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fojú tín-ín-rín àwa tó ní Gíréèdì Tú nìkan. Ẹ̀dámáàsítà wa sọ ọ́ lójú gbogbo wa pé láìpẹ́, ẹni tí kò bá ní ìwé-ẹ̀rí tó jù ú lọ yóò kàn máa wo àwọn ọmọ àná tí wọn yóò máa pàṣẹ fún un. Bí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ṣe ń lọ sinmi ní họlidé ni èmi ń gbé ọmọ pọ̀n lọ jókòó sí gbọ̀ngàn ẹ̀kọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, tí n ó máa kọ nótì tí n ó máa fún ọmọ lọ́mú.

Ní ọdún kejì, wọ́n gbé iṣẹ́ kan fún wa tó ga jù mí lọ. Wọ́n ní kí oníkálukú mú ọmọ kan nínú kíláàsì rẹ̀, kó máa ṣàkíyèsí rẹ̀ fún odidi táàmù kan, kó sì kọ ìwé nípa rẹ̀: irú ilé tó ń gbé, iṣẹ́ tí bàbá àti ìyá rẹ̀ ń ṣe, iye ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀, àìsàn tó bá ń ṣe é, bó ṣe ń ka ìwé àti ìdí tó fi ń kà á bẹ́ẹ̀. Ojú ewé ogójì ni wọ́n fẹ́, lédè Gẹ̀ẹ́sì, ní táìpù. Mo mọ ọmọ tí n ó mú. Ibi tí n ó ti rí àkókò tí n ó fi kọ ojú ewé ogójì ni n kò mọ̀.

Ọmọbìnrin kan ni, tí kì í tètè dé ilé-ìwé. A ó ti kọrin tán, a ó ti gbàdúrà, n ó ti pe rẹ́jísítà dé ìdajì, kó tó yọ lẹ́nu ọ̀nà, tí yóò dúró tí yóò máa wolẹ̀. Mo nà án. Nígbà tó tún pẹ́ dé, mo tún nà án. Ọ̀sẹ̀ kejì táàmù ni ìyá rẹ̀ wá bá mi lẹ́yìn tí a ti jáde. Oníṣòwò ni, mùsùlùmí, abọ́ tánńganran ló ń tà, bí ìyá rẹ̀ náà ti tà á. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìborùn rẹ̀ títí tísà kíláàsì kejì fi kó ẹrù rẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà ló wọlé, tó sì ti ilẹ̀kùn.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, Tísà.”

“Ẹ ṣeun, mà.”

“Mi ò wá bá yín jà. Ọmọ tó bá ṣẹ̀, kí tísà nà án, ẹ̀tọ́ ni. Ṣùgbọ́n àárọ̀ ni nǹkan yẹn máa ń dé sí i.”

“Nǹkan wo, mà?”

Kò pe orúkọ rẹ̀. Ó ní ọmọ náà máa ń ṣubú, ara rẹ̀ á máa gbọ̀n, ojú rẹ̀ á yí sókè, bó bá sì dẹwọ́, á sùn bí òkú. Ìgbà tó bá jí ni wọ́n tó lè wẹ̀ ẹ́ kó máa bọ̀ nílé-ìwé. Ìyá rẹ̀ ń gbé e lọ sí ọsibítù, wọ́n ń fún un lóògùn, ó sì ti ń dín kù. Kò tíì ṣubú níta rí. Bó bá ti bẹ̀rẹ̀ nílé, ìyá náà ní òun á ti ilẹ̀kùn, òun á sì yí rédíò sókè kí àwọn ará ilé má baà gbọ́. Gbogbo àdúgbò gbà pé obìnrin náà fẹ́ràn ìròyìn àárọ̀.

“Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń kọ́ṣẹ́ aránṣọ, wọ́n ti wá tọrọ rẹ̀,” ló wí. “Ẹ mọ bí ìlú wa ṣe rí, Tísà. Kí wọ́n tó jẹ́ kí ọmọ wọn fẹ́ ọmọ ẹni, wọ́n á wádìí dé ìdí. Bí wọ́n bá gbọ́ pé èyí wà nílé wa, kì í ṣe ọmọ kan ló máa jókòó sí mi lọ́rùn láìlọ́kọ, gbogbo wọn ni. Yàtọ̀ sí ẹni tó ń ka ìwé ọsibítù fún mi, ẹ̀yin nìkan ni mo sọ fún.”

Ojú tì mí nítorí ẹgba tí mo ti na ọmọ náà. Mo di ọwọ́ obìnrin náà mú, mo ní, “Mà, kò ní ti ẹnu mi jáde.” Lóòótọ́, n kò dárúkọ ọmọ náà fún ẹnikẹ́ni títí di òní.

Ẹni tó bá fẹ́ ká bá òun kọ nǹkan nígbà náà, ọ̀nà méjì ló wà. Ọ̀kan ni bàbá kan ní Igbein, tó ti ṣe akọ̀wé kóòtù rí kó tó fẹ̀yìn tì. Ó gbé tábìlì síta ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé rẹ̀, òun ló ń kọ lẹ́tà fún àwọn tí ọmọ wọn wà lókè òkun, tó ń kọ ìwé ẹ̀bẹ̀, tó ń bá àwọn ọmọ ilé-ìwé gíga tún iṣẹ́ wọn kọ. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ mọ́ ju ti àwọn tó ń kọ́ wa lọ. Ẹnu rẹ̀ ló ń bà mí lẹ́rù. Níbi ìkómọ kan, mo gbọ́ ọ létí ara mi tó ń sọ nípa ọkùnrin kan tó ní kí òun bá a kọ lẹ́tà ìfẹ́ sí obìnrin méjì lọ́jọ́ kan náà, tó sì ní kí òun kúkú kọ ọ̀rọ̀ kan náà sí àwọn méjèèjì kó má baà náwó lẹ́ẹ̀mejì. Kò dárúkọ, ṣùgbọ́n ọkùnrin náà jókòó níbẹ̀, gbogbo ènìyàn ló sì wẹ̀yìn wò ó. Bàbá náà àti ìyá ọkọ mi sì jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì kan náà. Bí mo bá gbé iṣẹ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì lọ bá a, kí ọjọ́ ìsinmi tó pé ni ìyá ọkọ mi á ti gbọ́ pé ìyàwó tísà tí ọmọ òun fẹ́ kò lè dá ìwé kọ.

Ọ̀nà kejì ni ilé-iṣẹ́ kan ní Òkè-Ìléwó, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Wọ́n gbé pátákó ńlá síta pé àwọn ń tẹ táìpù, àwọn ń kọ ìwé ìwáṣẹ́, àwọn ń ran akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ lórí iṣẹ́ àṣekágbá. Ọmọbìnrin mẹ́ta jókòó ti táìpù níwájú, ọ̀gá wọn de táì, ó jókòó sẹ́yìn kọ́tìnnì. Wọ́n fún mi ní rìsíìtì. Wọ́n lu òǹtẹ̀ sí i. Ọ̀gá náà mú fáìlì tuntun, ó fi bírò pupa kọ “Kọnfidẹ́ńṣà” sí i lójú mi, ìyẹn ni pé àṣírí ni, ó sì fi hàn mí bí kọ́bọ́ọ̀dù onírin rẹ̀ ṣe ní kọ́kọ́rọ́. Kò sí ẹnì kan níbẹ̀ tó bi mí pé ọmọ ilé ta ni mí. Ẹ ò mọ bí ìyẹn ṣe fi mí lọ́kàn balẹ̀ tó. Mo wo fáìlì, mo wo òǹtẹ̀, mo wo táì, mo ní ibi tí wọ́n ti mọ iṣẹ́ rèé, kì í ṣe ọ̀dẹ̀dẹ̀ bàbá ẹlẹ́nu jíjò kan.

Ọ̀gá náà bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí léèrè, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Orúkọ ọmọ ńkọ́? Mo ní ká má ṣe kọ orúkọ. Ó ní, “Bẹ́ẹ̀ gan-an ni, mà, a kì í kọ orúkọ.” Inú mi dùn sí ara mi. Mo rò pé mo ti pa àṣírí mọ́. Mo wá sọ ìyókù fún un bí ìwé tí wọ́n fún wa ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ṣe béèrè rẹ̀: pé Igbein ni ilé wọn wà, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ilé alájà kan tí wọ́n fi páànù tuntun kan ìdajì rẹ̀, pé abọ́ tánńganran ni ìyá ń tà, pé ìyá ìyá náà tà á, pé bàbá ń wa ọkọ̀ òkúta, pé ẹ̀gbọ́n obìnrin rẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ aránṣọ, ó sì ti tó ilé ọkọ. Mo sọ ti oògùn. Mo sọ ti rédíò. Ọ̀rọ̀ rédíò yẹn wú u lórí, ó ní ìyẹn nìkan á fún mi ní máàkì.

Ọmọ Ẹ̀gbá ni mí, wọ́n bí mi síbẹ̀, mo sì ṣe àṣìṣe yìí. Ta ló ń fi orúkọ mọ ènìyàn nínú ìlú wa? Orúkọ tí mo yọ yẹn, ogún ọmọ ló ń jẹ́ ẹ ní Igbein nìkan. Ilé ni a fi ń mọ ènìyàn, àti iṣẹ́ tí ìyá ẹni ń ṣe. Bí mo bá kọ orúkọ ọmọ náà tí mo sì yọ ilé wọn kúrò, ì bá sàn. Ohun tí a kò lè fi dá ẹnikẹ́ni mọ̀ ni mo fi pamọ́, mo wá tẹ́ gbogbo ìyókù sílẹ̀ bí ẹni ń pàtẹ.

Ìwé náà dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó mọ́ tónítóní. Mo fi ọwọ́ pa á. Olùkọ́ wa ní kọ́lẹ́ẹ̀jì yìn ín lójú kíláàsì. Mo sùn lọ́sàn-án ọjọ́ náà, bí mo bá rántí dáadáa, ìgbà àkọ́kọ́ láti oṣù mélòó kan.

Nǹkan bí oṣù márùn-ún lẹ́yìn náà, ìyá ọmọ tún wá bá mi ní kíláàsì. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ọmọ ni. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọdé, orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àyà rẹ̀. Ó ní wọ́n ti mú ọjọ́ ìdána, òun ti ra aṣọ, alárenà sì wá láàárọ̀ ọjọ́ yẹn pé àwọn òbí ọkọ ní kí wọ́n ṣì dúró díẹ̀. Nígbà tó fẹ́ jáde ni alárenà dẹ ohùn sílẹ̀ tó bi í pé ṣé lóòótọ́ ni pé òun máa ń yí rédíò sókè láàárọ̀.

“Rédíò, Tísà! Ta ló sọ ọ̀rọ̀ rédíò fún wọn?”

N kò tíì mọ̀ nígbà náà, ẹ gbà mí gbọ́. Mo kàn ń rò ó pé ìkà wo ló ṣe èyí.

“Àbúrò mi ni,” ló wí. “Ó wọlé bá wa lẹ́ẹ̀kan ní ọdún Iléyá, mo rò pé kò rí nǹkan kan. Òun ni. Ẹ̀yin kọ́, mo mọ̀ yín.” Àbúrò rẹ̀ yìí ni wọ́n jọ ń pàtẹ ní ìsọ̀ kan náà láti kékeré. Ó ní òun ti kó ẹrù òun kúrò níbẹ̀.

Èmi kò gbà pé àbúrò ni. Ọkàn mi lọ sọ́dọ̀ bàbá akọ̀wé tààrà. Ta ló ń ka ìwé ọsibítù fún obìnrin tí kò kàwé ní Igbein bí kò bá ṣe òun? Mo pọn ọmọ mi, mo sì lọ bá a ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ kí i, ṣùgbọ́n ohùn mi kò kúnlẹ̀. Mo ní ọ̀rọ̀ ilé alábọ́ ti dé etí àwọn àna, àwọn ènìyàn sì mọ ẹni tí ọ̀rọ̀ kì í dúró lẹ́nu rẹ̀.

Bàbá náà yọ awò ojú rẹ̀. “Ọmọ mi, ó di ọdún mẹ́ta tí mo ti ń ka káàdì ọmọ yẹn fún ìyá rẹ̀. Ṣé ẹ ti gbọ́ ọ lẹ́nu mi rí?”

Mo ní rárá.

“Bí ọkùnrin bá ń fẹ́ obìnrin méjì tó sì ń ṣe ahun, n ó fi ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí yẹ̀yẹ́ ni. Àìsàn kì í ṣe yẹ̀yẹ́. Bí mo bá kà á tán, mo máa ń dá ìwé rẹ̀ padà fún un. Kò sí bébà ẹnikẹ́ni nílé mi.” Ó wò mí. “Ẹni tó bá sọ ọ́, ó níbi tó ti kà á.”

Mo dìde, mo bínú lọ sílé. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju òje lọ, n kò kàn mọ̀ pé ọ̀dọ̀ mi ló wà ni.

Họlidé tó tẹ̀ lé e ni mo gbọ́ ọ. Obìnrin kan jókòó tì mí ní gbọ̀ngàn ẹ̀kọ́, tísà bíi tèmi, ọlọ́yàyà ènìyàn, ó wà ní kíláàsì tó tẹ̀ lé tiwa. A jọ ń jẹ ẹ̀pà. Ó ní Ọlọ́run ló yọ ìdílé àwọn. Ó ní òun kò ráyè kọ ìwé àyẹ̀wò ọmọ tí wọ́n ní kí àwọn kọ, òun sì gba Òkè-Ìléwó lọ, níbi tí wọ́n ti fún òun ní ọ̀kan tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ pé kí òun yí iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀ padà.

“Mo ń kà á lọ báyìí, mo ní, há à, ilé yìí mà jọ ilé tí àbúrò mi ti fẹ́ fẹ́yàwó! Igbein, ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ìyá alábọ́, ẹ̀gbọ́n tó ń kọ́ aránṣọ. Wárápá, ẹ̀gbọ́n mi! A ti wádìí, a ti bi aládùúgbò, kò sẹ́ni tó sọ ọ́. Ìwé tí mo fowó rà ló sọ ọ́ fún mi.” Ó ju ẹ̀pà sẹ́nu. “Ẹni tó kọ ọ́, kí Ọlọ́run bá mi san án fún un.”

Mo ní àmín. Ọ̀rọ̀ kì í dùn lẹ́nu ìyá olè.

Ọjọ́ kejì mo lọ sí Òkè-Ìléwó. Mo rò pé mo lè jà, ṣùgbọ́n agbára kò sí. Mo béèrè fáìlì mi. Ọ̀gá onítáì ṣí kọ́bọ́ọ̀dù onírin náà, ó mú un jáde, bírò pupa ṣì wà lára rẹ̀, ẹ̀dà kábọ́ọ̀nù méjì sì wà nínú rẹ̀. Mo ní ẹ̀dà mélòó ni wọ́n ṣe. Ó ní mẹ́fà ni wọ́n máa ń ṣe lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ní níbo ni ìyókù wà. Ojú kò tì í rárá.

“Mà, iṣẹ́ tó dáa ni, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń béèrè rẹ̀. Kò sí orúkọ yín níbẹ̀. Kò sí orúkọ ọmọ. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ ní ká má kọ ọ́.”

“Ẹ kọ kọnfidẹ́ńṣà sí i.”

“Fáìlì ni, mà. Fáìlì kò kúrò níbí.”

Ó fún mi ní ẹ̀dà méjèèjì láìjanpata. Mo ya wọ́n wẹ́wẹ́ lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì níbẹ̀, bí ẹni pé ó lè ṣe nǹkan kan. Ẹyin lọ̀rọ̀, àwa náà la ń fi kọ́ àwọn ọmọ ní kíláàsì. Ẹnu bàbá akọ̀wé ń jò lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò ní kọ́bọ́ọ̀dù.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń rìn ká. Mo lè dákẹ́. Kò sí ẹni tó mọ̀, kò sì sí ẹni tí yóò mọ̀ láé. Ṣùgbọ́n mo kọjá lọ́jà lọ́jọ́ kan, mo rí àbúrò obìnrin náà tó dá jókòó ti ìsọ̀ tí wọ́n ti pín sí méjì, ìdajì rẹ̀ ṣófo, mo sì rí i pé ìdákẹ́ mi ti ń pa ẹlòmíràn. Mo yà sílé wọn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.

Ìyá náà jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi àkísà nu eruku lára àwọn abọ́. Ẹ̀rọ aránṣọ ń dún nínú ilé. Mo kúnlẹ̀, ó ní kí n dìde, n kò dìde. Mo ní, “Mà, àbúrò yín kọ́. Èmi ni.” Mo sọ gbogbo rẹ̀, láti ojú ewé ogójì títí dé kábọ́ọ̀nù mẹ́fà. Mo sọ fún un pé mo yọ orúkọ ọmọ rẹ̀ kúrò. Bí mo ti ń sọ ọ́ ni mo ń gbọ́ bí ó ti rí létí. Ó ń nu abọ́ kan náà yípo yípo. Nínú ilé, ẹ̀rọ aránṣọ ti dákẹ́.

Nígbà tí mo sọ̀rọ̀ tán, ó gbé abọ́ náà sílẹ̀.

“Ìwé yẹn, tí wọ́n kọ nípa ọmọ mi. Àwọn ọ̀gá yín yẹ̀ ẹ́ wò?”

“Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, mà.”

“Máàkì mélòó ni wọ́n fún yín?”

Mo wo ilẹ̀. Mo ní, “Méjìdínlọ́gọ́rin, mà. Nínú ọgọ́rùn-ún.”

Ó mi orí. “Ẹ kú oríire, Tísà,” ló wí, ó sì mú abọ́ mìíràn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nù ún.